Jíìpù tí Kò Gbọdọ̀ Ní Síìtì Lẹ́yìn

Ilé Àlùfáà,
Ìjemọ̀, Abẹ́òkúta.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kejì, ọdún 1983.

Mọ́nsúrù ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùn. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé òtútù ìlú Jámánì ò tíì wọ̀ ọ́ légungun? Àwa níhìn-ín wà láàyè, àfi pé ọyẹ́ ọdún yìí ti la gbogbo wa ní ètè, tí a bá rẹ́rìn-ín, ẹ̀jẹ̀ ni. Ìyá rẹ kí ọ. Kùdírátù àbúrò rẹ kí ọ pẹ̀lú, ó ní o ṣèlérí aago ọwọ́ kan fún òun. Èmi ò sí níbẹ̀ nígbà tí ẹ ń ṣèlérí, ẹ̀yin méjèèjì ni kí ẹ parí rẹ̀.

Láti ìgbà iléyá ni a ti gbúròó rẹ kẹ́yìn. Mo ń sọ fún àwọn ará ilé pé iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí o kọ̀wé, ṣùgbọ́n irọ́ náà ti ń sú mi í pa.

Ọ̀rọ̀ Ìyá Àgbà ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Màmá mi ṣì wà l'óko Ṣódìyà. Mo bẹ̀ wọ́n títí kí wọ́n wá sílé, mo rán baálé wa sí wọn, wọ́n ní àwọn ò kúrò níbẹ̀. Wọ́n ń gbin ẹ̀gẹ́, wọ́n ń sin ewúrẹ́, wọ́n sì ń pàṣẹ fún gbogbo abúlé. Ara wọn le, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ orí ti dé, ọ̀nà oko náà sì ti bàjẹ́ ju bí o ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Àwọn onílọ́rì kì í fẹ́ yà wọlé láti Ọ̀dẹ̀dá mọ́. Bí òjò bá sì ti bẹ̀rẹ̀, odò Àfọ̀n á gba orí afárá onígi yẹn kọjá, ẹni tó bá wà lọ́hùn-ún á wà lọ́hùn-ún, ẹni tó wà níhìn-ín á wà níhìn-ín.

Mi ò fẹ́ kí ohun tó ṣe Láwàlì àbúrò mi tún ṣe ẹlòmíràn nínú ẹbí yìí.

Nítorí náà, bá mi wá jíìpù kan. Mi ò ní kó jẹ́ tuntun o, àlòkù tó lágbára ni mo fẹ́. Kí ó lè máa kó páànù láti ṣọ́ọ̀bù mi lọ sí Adígbẹ níbi tí gbogbo ayé ti ń kọ́lé, kí ó lè gbé mi lọ sí ọ́fíìsì ìjọba n'Íbarà láìdójú tì mí, kí ó sì lè dé oko Ṣódìyà nígbàkigbà. Nígbàkigbà ni mo wí, ì báà jẹ́ òjò, ì báà jẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn. Owó ti wà nílẹ̀. Má rà á kí o tó sọ èyí tí o rí fún mi.

Èmi ni bàbá rẹ,
Sàlàhúdíìnì.


Hamburg.
Ọjọ́ ogún, oṣù Kẹta, ọdún 1983.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Wàálékúmù sàlámù. Mo dọ̀bálẹ̀ láti ibi tí mo wà. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Ẹ má bínú pé ọwọ́ mi wúwo. Ibi tí a ti ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe ni mo ṣì wà, ìgbà tí a bá sì fi máa jáde, ojú ọjọ́ á ti ṣú, oorun nìkan ló kù. Aago Kùdírátù ti wà lọ́wọ́ mi, ẹ bá mi sọ fún un pé kó yé fi mí sùn.

Mo dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta àlòkù ọkọ̀. Herbert ló mú mi lọ, ọmọ Ìgbẹ́ìn tó ń ṣe mẹkáníìkì níbí. Ohun tí mo rí pọ̀ débi pé ojú mi ń ṣú. Ọ̀kan wà tó kúrú, tó fúyẹ́, Herbert ní yóò máa yí pòórá láàárín igi bí òkété. Òmíràn gùn, ó le bí àpótí irin, ẹni tó bá jókòó sẹ́yìn rẹ̀ á gbàgbé orúkọ ara rẹ̀ kó tó dé Ọ̀dẹ̀dá. Òmíràn sì wà tí inú rẹ̀ tutù bíi pálọ̀ olówó, ṣùgbọ́n ó ń mu epo bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ń sanwó. Àwọn kan ń lo pẹtiróòlù, àwọn kan ń lo dísù. Èwo ni ẹ fẹ́? Ta ni yóò máa gbé jù, kí sì ni yóò máa kó?

Ẹ tún dárúkọ Bàbá Láwàlì. Ìyẹn ò yé mi. Ibà ló pa wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni ẹ kọ sí mi lọ́dún 1980 tó ṣẹlẹ̀. Ṣé wọn ò tètè rí ọkọ̀ gbé wọn dé ọsibítù ni? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ tó yára ló yẹ kí n wá. Ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Ọmọ yín,
Mọ́nsúrù.


Ìjemọ̀, Abẹ́òkúta.
Ọjọ́ kejì, oṣù Karùn-ún, ọdún 1983.

Mọ́nsúrù,

Àlàáfíà fún ọ. Lẹ́tà rẹ dé, a kà á, ìyá rẹ rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ òkété. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ níbí, ilẹ̀ ti ń tutù.

Èyí tó gùn ni mo fẹ́. Dísù ni kó jẹ́. Fetí sílẹ̀ dáadáa kí o má bàa ṣì í rà. Kí ilẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, kí ó gùn débi tí ènìyàn lè nà gbọnrangandan láìká ẹsẹ̀ kò. Kí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ onípéji tó ń ṣí sọ́tùn-ún àti sósì. Má gbé èyí tí wọ́n ń ká sókè wá, ìyẹn lè já lu ènìyàn lórí. Kí ó má ga jù láti ilẹ̀, kí àwọn tó bá ń gbé nǹkan wọ inú rẹ̀ má bàa máa mì tìtì. Kí irin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ méjèèjì tí a lè so okùn mọ́. Kí ó má jẹ́ aláwọ̀ pupa. Kí ó má sì sí síìtì kankan lẹ́yìn.

Ní ti Láwàlì, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọsibítù, kì í sì ṣe ọ̀rọ̀ eré sísá. Ohun tí ò ń bèèrè yẹn kì í ṣe ohun tí à ń kọ sínú lẹ́tà. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bó bá dé inú rẹ̀, a di odidi. Ọmọ Ẹ̀gbá ni ọ́, o sì mọ bí a ṣe ń ṣe nílé wa.

Ìyá Àgbà rán ẹnìkan wá láti oko, wọ́n ní kí o jẹun dáadáa.

Bàbá rẹ,
Sàlàhúdíìnì.


Hamburg.
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Keje, ọdún 1983.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú òjò, ẹ kú ẹrẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀. Ìròyìn ayọ̀ ni mo mú wá lónìí, ẹ pe màmá kí wọ́n wá jókòó.

Mo ti ra jíìpù náà. Mo mọ̀ pé ẹ ní kí n kọ́kọ́ sọ fún yín, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ti ń yí i ká, bí mo bá ní kí n dúró de lẹ́tà, ẹni náà á ti wà á lọ. Ọwọ́ àgbẹ̀ kan tó fi ń fa tírélà ẹṣin ni mo ti rà á. Ó gùn, dísù ló ń lo, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àwọn tí a kọ́kọ́ rí, ìpẹtà ti jẹ wọ́n nísàlẹ̀ nítorí iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà yìnyín. Herbert dùbúlẹ̀ sábẹ́ tiwa yìí, ó fi òòlù kan irin rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó ń dún gbọnmọ gbọnmọ. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ onípéji bí ẹ ṣe fẹ́.

Bàbá, mo ro ọ̀rọ̀ yín títí. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ, kó tó la òkun já dé ọ̀dọ̀ mi, ìdámẹ́rin rẹ̀ ló kù. Ṣùgbọ́n mo gbà pé ó yé mi báyìí. Ẹ fẹ́ kí Ìyá Àgbà lè na ẹsẹ̀ wọn bí ẹ bá ń gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ ò fẹ́ síìtì lásán tí yóò máa dùn wọ́n ní ìdí. Nítorí náà mo wá síìtì kan tó ń rọ sẹ́yìn títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di bẹ́ẹ̀dì, mo ní kí wọ́n fi fóòmù tuntun kún un, kí wọ́n sì fi bẹ́líìtì méjì sí i. Mo tún to bẹ́ǹṣì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ méjèèjì fún àwọn tó bá máa sìn wọ́n lọ. Mo fi rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì kún un lórí tèmi. Fọ́tò rẹ̀ wà nínú lẹ́tà yìí. Ẹ wo bí síìtì ṣe kún inú rẹ̀.

Ọmọ yín,
Mọ́nsúrù.


Ìjemọ̀, Abẹ́òkúta.
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kẹjọ, ọdún 1983.

Mọ́nsúrù,

Ṣé dáadáa lo wà? Mo rí fọ́tò náà. Mi ò fi han ẹnikẹ́ni.

Mo ní kí ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́, o gbé àga sí i. Mo ní kí síìtì má sí níbẹ̀, o to bẹ́ǹṣì bíi ti ilé kéú. Ìwé tí mo fi owó páànù rán ọ lọ kà, ṣé wọn ò kọ́ ọ bí a ṣe ń jẹ́ iṣẹ́ tí a rán ni? Rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì. Ta ló fẹ́ máa gbọ́ orin nínú ọkọ̀ yẹn lọ́jọ́ náà?

Inú ń bí mi, ẹ̀rù sì ń bà mí, èmi gan-an ò mọ èyí tó pọ̀ jù. Ìyá Àgbà ṣàìsàn lóṣù tó kọjá. Ìròyìn dé etí mi, mo gbéra. Nígbà tí mo dé odò Àfọ̀n, afárá ti wọ inú omi, n kò rí i mọ́. Ọdẹ kan wà lódìkejì. Mo ń kígbe pè é, òun náà ń kígbe dá mi lóhùn, ariwo omi ń gbé ọ̀rọ̀ lọ mọ́ wa lẹ́nu. Ìgbà tó ṣe, ó fi ọwọ́ ṣe bí ẹni ń mu ẹ̀kọ, mo wá mọ̀ pé ẹ̀mí ṣì wà. Ọjọ́ orí mi yìí, mo jókòó sínú ẹrẹ̀, mo ń dúpẹ́ nítorí pé ẹnìkan ṣe bí ẹni ń mu ẹ̀kọ. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko kí n tó fi ojú kàn wọ́n. Ara wọn ti le nígbà náà, wọ́n sì bá mi wí pé mo jẹ́ kí bàtà mi bàjẹ́.

Yọ àwọn síìtì yẹn kúrò. Gbogbo wọn.

Sàlàhúdíìnì.


Hamburg.
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1983.

Bàbá mi,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. A dúpẹ́ pé ara Ìyá Àgbà yá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dọ̀bálẹ̀ fún wọn.

Mi ò ní purọ́, lẹ́tà yín dùn mí. Odidi ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ran fóòmù síìtì yẹn. Bí ẹ bá sì bá mi wí, n ó gbà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n mọ ohun tí mo ṣe. Bí ìyá tó bí yín bá ń ṣàìsàn, kí ló dé tí ẹ fẹ́ tẹ́ wọn sórí irin gbalaja bí ẹrù páànù? Ẹ ní kí n wá ibi tí a lè so okùn mọ́. Kí ni ẹ fẹ́ so? Ẹ ní “ọjọ́ náà”. Ọjọ́ wo?

Mo ka gbogbo ohun tí ẹ ní kí n ṣe fún Herbert. Ó mú àkísà, ó ń fi nu ọwọ́ rẹ̀ tí kò dọ̀tí. Mo ní kó sọ ohun tó rí níbẹ̀. Ó ní, “Bàbá rẹ ni kí o bi. Èmi ò lè fi ẹnu mi sọ ọ́ sí ìyá àgbàlagbà kan tí mi ò mọ̀.” Láti ọjọ́ yẹn ni n kò ti mọ ohun tí mo máa rò mọ́. Bàbá, ẹ dárí jì mí pé mo bèèrè lójúkojú. Ta ló fẹ́ dùbúlẹ̀ síbẹ̀?

Mọ́nsúrù.


Ìjemọ̀, Abẹ́òkúta.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kẹwàá, ọdún 1983.

Mọ́nsúrù ọmọ mi,

Àlàáfíà fún ọ. O ti mú kí n sọ ohun tí a kì í sọ. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹnu mi lọ síwájú mi. Kí ẹ̀mí Ìyá Àgbà gùn.

Ìwọ ò sí nílé nígbà tí Láwàlì lọ. Mo kọ̀wé pé ibà ni, òótọ́ ni, a sì ti sin ín, ìyẹn náà kì í ṣe irọ́. Ohun tí mi ò kọ ni ibi tí a sin ín sí. Oko Ṣódìyà ló kú sí ní ìdájí, òjò ti ń rọ̀ láti àná rẹ̀. A gbé e sínú lọ́rì kan láti gbé e wálé. A dé odò Àfọ̀n, omi ti bo afárá, awakọ̀ kọ̀ jálẹ̀. A dúró títí ọ̀sán fi pọ́n. Àlùfáà ní òkú mùsùlùmí kì í pẹ́ nílẹ̀. Bí a ṣe yí padà nìyẹn, a sin ín sẹ́yìn ahéré, níbi tí wọ́n ń sá ẹ̀gẹ́ sí.

O mọ̀ pé oko là ń lọ, ilé là ń bọ̀. Ìjemọ̀ ni bàbá mi wà, Ìjemọ̀ ni bàbá tó bí bàbá mi wà, ẹ̀yìnkùlé ibi tí mo jókòó sí yìí ni. Kò sí ọmọ ilé yìí tó kú sóko tí a kì í gbé wálé, àní nígbà tí wọ́n ń fi orí rù wọ́n. Láwàlì nìkan ló wà nínú igbó bí àlejò tí kò ní ẹni tó mọ ilé bàbá rẹ̀. Màmá mi ò bá mi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ò ti sun Ìjemọ̀ mọ́. Mo mọ̀ pé wọ́n ń bínú sí mi, èmi ni ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo ní kí a yí lọ́rì padà.

Mo wá sọ lọ́kàn mi pé kò ní ṣẹlẹ̀ sí ìyá mi. Ohun tí mo fi ń wá jíìpù nìyẹn. Fa ìwé yìí ya bí o bá kà á tán.

Bàbá rẹ,
Sàlàhúdíìnì.


Hamburg.
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kọkànlá, ọdún 1983.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo dọ̀bálẹ̀. Ojú ń tì mí.

Èmi àti Herbert ti yọ gbogbo síìtì. Ilẹ̀ rẹ̀ ti tẹ́. Herbert dùbúlẹ̀ síbẹ̀ kí a fi wọ̀n ọ́n, ó ga ju Ìyá Àgbà lọ dáadáa, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kan ilẹ̀kùn.

Mo ti wá mọ ohun tí mò ń ṣe, nítorí náà mo ṣe é dójú ààmì. A pààrọ̀ sípírínì ẹ̀yìn sí èyí tó rọ̀, kí ó má máa ta ènìyàn sókè. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ eléyín ńlá tó ń gé ẹrẹ̀. A gbé páìpù tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí gba ẹ̀gbẹ́ dé orí òrùlé, bí omi bá dé bọ́nẹ́ẹ̀tì, kò ní kú. Wáyà kan wà níwájú tó ń lọ́ ara rẹ̀, bí ọkọ̀ bá rì, ẹ so ó mọ́ igi ńlá, yóò fa ara rẹ̀ jáde. Jíà kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́. Ẹ má fọwọ́ kàn án láàárín ìlú, oko nìkan ni ti rẹ̀, òun ló ń mú ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣiṣẹ́ pọ̀.

Oṣù tó ń bọ̀ ni yóò wọ ọkọ̀ ojú omi. Síìtì tí mo ṣe fún Ìyá Àgbà wà nínú yàrá mi, orí rẹ̀ ni mo jókòó sí kọ ìwé yìí. Rédíò ṣì wà nínú ọkọ̀ o. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀.

Ọmọ yín,
Mọ́nsúrù.


Ìjemọ̀, Abẹ́òkúta.
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù Kẹta, ọdún 1984.

Mọ́nsúrù ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùn. Ọkọ̀ ti gúnlẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé sójà ti gba ìjọba tí gbogbo nǹkan sì di fífà ní etíkun. O káre. Ọmọ tó bá jẹ́ iṣẹ́ bàbá rẹ̀ dé òpin, Ọlọ́run á jẹ́ kí ọmọ tirẹ̀ náà jẹ́ iṣẹ́ fún un. Mo ti fi kó páànù lọ sí Adígbẹ. Mo ti wà á dé Ìbarà, akọ̀wé kan tí kì í kí mi tẹ́lẹ̀ ní, “Ẹ káàárọ̀, Àlàájì.”

Lọ́jọ́ Àìkú mo wà á lọ sí oko Ṣódìyà. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, odò Àfọ̀n ò ju kókósẹ̀ lọ, síbẹ̀ mo yẹ afárá sílẹ̀, mo gba inú omi kí n lè dán an wò. Abúlé jáde. Ìyá Àgbà jáde. Wọ́n yí ọkọ̀ ká, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn méjèèjì, wọ́n wo inú rẹ̀ títí. Wọ́n bèèrè pé síìtì dà. Mo ní nítorí páànù ni.

Wọ́n ní kí a gbé ẹní wá. Wọ́n tẹ́ ẹ sínú ọkọ̀, wọ́n gun orí rẹ̀, wọ́n dùbúlẹ̀, wọ́n na ẹsẹ̀. Mọ́nsúrù, mo fẹ́ sá wọ inú igbó. Wọ́n wà níbẹ̀ tí wọ́n ń wo òrùlé ọkọ̀, wọ́n wá ní, “Sàlá, ó gbà mí.” Wọ́n dìde jókòó. Wọ́n ní, “Mo mọ ohun tí ẹ rà á fún, ẹ ṣeun. Ọmọ tó ronú ọjọ́ yẹn fún ìyá rẹ̀ kò ṣe búburú. Ṣùgbọ́n Láwàlì ńkọ́? Ẹ sin ín síbí, gbogbo yín gba ilé lọ. Èmi ló dúró tì í. Bí ẹ bá gbé mi lọ sí Ìjemọ̀, ta ni yóò wà pẹ̀lú rẹ̀? Ẹ̀gbẹ́ ọmọ mi ni kí ẹ tẹ́ mi sí.”

Gbogbo ọdún wọ̀nyí ni mo ń rò pé ìbínú ló dè wọ́n mọ́ oko. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tí ọkọ̀ ti wà, kí n bá wọn kó ẹ̀gẹ́ lọ sí Ọ̀dẹ̀dá. Wọ́n jókòó síwájú, wọ́n ní kí n tan rédíò.

Orí mi ti dàrú. Bí mo bá ṣe ohun tí wọ́n wí, baálé àti gbogbo ilé á ní mo gbé ọkọ̀ ńlá wọ̀lú, mo tún wá sọ ìyá mi sínú igbó. Bí mi ò bá ṣe é, mo ti gbọ́ tẹnu wọn. Mi ò tíì sọ fún ẹnì kankan. Kí ni ìwọ rí sí i?

Bàbá rẹ,
Sàlàhúdíìnì.


Hamburg.
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Karùn-ún, ọdún 1984.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo dọ̀bálẹ̀, mo sì bẹ̀bẹ̀ fún pípẹ́ tí mo pẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí lọ́pọ̀ ìgbà, mo ń fà á ya. Ẹ ò bèèrè ìmọ̀ràn lọ́wọ́ mi rí, n kò sì mọ bí a ṣe ń dá bàbá ẹni lóhùn lórí irú èyí.

Ní òwúrọ̀, màá ní kí ẹ gbé wọn wálé, bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn, ohun tí a sì tìtorí rẹ̀ yọ síìtì nìyẹn. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, màá rántí Bàbá Láwàlì, bí wọ́n ṣe máa ń gbé mi sí èjìká kọjá odò, ọkàn mi á yí padà. Herbert ní òun ò dá sí i.

Ọmọ Nàìjíríà kan kú níbi iṣẹ́ wa lóṣù tó kọjá. Ibí la sin ín sí. Ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́, òdòdó wà níbẹ̀, kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa tí a lọ, a ò mọ ilé bàbá rẹ̀, kò sí ẹni tó mọ oríkì rẹ̀ láàárín wa. Mi ò jẹun lọ́jọ́ náà. Mi ò mọ̀ bóyá ìyẹn jẹ́ ìdáhùn sí ìbéèrè yín. Mi ò ní lè wálé lọ́dún yìí, iṣẹ́ ò gbà.

Ẹ ṣe èyí tí ọkàn yín bá lè gbé.

Mọ́nsúrù.


Ìjemọ̀, Abẹ́òkúta.
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù Keje, ọdún 1984.

Mọ́nsúrù ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́run fún ọ. Jókòó kí o tó kà á.

Ìyá Àgbà ti lọ. Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ni, lẹ́yìn ìrun àárọ̀, wọn ò ṣàìsàn, wọ́n ní ó rẹ àwọn. Òru ọjọ́ tó ṣáájú ni òjò ti ń rọ̀. Mo wà níbẹ̀, àná rẹ̀ ni mo wà á lọ, Ọlọ́run ló rán mi. Àwọn obìnrin wẹ̀ wọ́n. Mo ránṣẹ́ sí Ìjemọ̀ kí omi tó bo afárá, baálé ti ní kí wọ́n máa gbẹ́ ilẹ̀ sẹ́yìnkùlé. Èmi ò sọ ohun tí màmá mi wí fún ẹnì kankan. Ẹnu mi ò gbà á. Mo gbé wọn sínú jíìpù, mo fi okùn so pákó tí a tẹ́ wọn sí mọ́ irin ẹ̀gbẹ́, mo wà á lọ.

Mo dé odò Àfọ̀n. Kò sí afárá, omi ń ru, ó pupa. Mo fi jíà kékeré sí i bí o ṣe kọ́ mi. Omi dé ilẹ̀kùn, ó gun bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ́ńjìnnì ń mí gba orí òrùlé, ọkọ̀ náà ò tilẹ̀ kọsẹ̀. Ó gun òkè òdìkejì bí ẹni pé kò sí omi níbẹ̀ rárá. Ibẹ̀ ni mo ti dúró. Mo sunkún, Mọ́nsúrù. Bó bá ṣe pé ọkọ̀ náà kú sínú omi ni, mo ì bá yí padà, mo ì bá ní Ọlọ́run ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, gbogbo ayé ì bá sì bá mi kẹ́dùn. Ọkọ̀ tí o rà ò fi àwáwí kankan sílẹ̀ fún mi. Ọ̀nà ilé là sílẹ̀, ohun tí ìyá mi wí sì wà lẹ́yìn mi. Mo yí ọkọ̀ padà, mo tún wọ inú omi.

Mo tẹ́ wọn sínú ahéré, mo wa ọkọ̀ lọ sí Ìjemọ̀ ní èmi nìkan. Baálé wò mí, ó wo ẹ̀yìn ọkọ̀, ó ní, “Ìyá rẹ dà?” Mo ní, “Wọ́n wà lọ́dọ̀ Láwàlì, wọ́n ní kí gbogbo wa wá.” Ó bínú, ó ní mo ti ya wèrè. Mo ní kó wọ ọkọ̀, kó wá sọ ọ́ níbẹ̀. Mo fi jíìpù yẹn kó àwọn ará ilé wa, mo gbé wọn lọ, mo padà, mo tún gbé wọn lọ. Àwọn àgbààgbà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí ẹní, wọ́n ń di ara wọn mú, baálé ń bèèrè pé ta ni òpònú tó yọ síìtì ọkọ̀ yìí. Mo ní èmi ni. Ìgbà tí a fi máa débẹ̀ tán, oko Ṣódìyà ò gba ènìyàn mọ́. A kí ìrun sí wọn lára, a tẹ́ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ wọn. Baálé ni ó kọ́kọ́ ki oríkì Láwàlì, ẹni tí a ò kì nígbà tirẹ̀. Ó kì í títí ohùn rẹ̀ fi há.

Èmi ò sùn dáadáa láti ìgbà náà, síbẹ̀ ọkàn mi balẹ̀. Mo ka lẹ́tà rẹ tó kẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan sí i, ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin tí ẹ sin sọ́hùn-ún yẹn. O ní iṣẹ́ ò gbà kí o wálé. Mo ti dàgbà, n ó sì sọ èyí láìfi àbọ̀ ṣe é. Ibi tí wọ́n bá tẹ́ mi sí, ì báà ṣe Ìjemọ̀, ì báà ṣe oko, mi ò bìkítà mọ́. Kí o ṣáà wà níbẹ̀.

Bàbá rẹ,
Sàlàhúdíìnì.